Òwú Oníkókó Inú Fìlà Mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ìwọ̀n ọkọ obìnrin kan kiri nínú fìlà mi, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà gan-an ni tíṣà tó ń kọ́ mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń jókòó níwájú rẹ̀, tí mo ń dá a lóhùn, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀, tí nǹkan ọkọ rẹ̀ sì wà lórí mi bí ẹyin tí ènìyàn jí. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ àbúrò mi, tí ẹ máa ń gbọ́ mi tí mo ń fọ́nnu pé n kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù rí, ẹ rọra kà á. Mo ti dàgbà tó láti sọ òótọ́ báyìí, àwọn tó lè jẹ́rìí takò mí kò sì pọ̀ mọ́.

Aránṣọ ni mí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn, ọ̀gá náà kò sì mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Kò ní tépù. Òwú ló fi ń wọn ènìyàn. Bí oníbàárà bá dé, yóò já òwú nípọn kan, yóò fi yí i lọ́rùn ká, yóò ta kókó síbi tí ọrùn parí sí. Láti ìdí kókó yẹn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ èjìká, yóò tún ta kókó; láti ibẹ̀ dé apá, dé àyà, títí yóò fi dé ọrùn ẹsẹ̀. Kókó méje, ènìyàn kan. Yóò wá gé fẹ́ẹ́rẹ́ lára aṣọ tí oníbàárà mú wá, yóò so ó mọ́ ìdí òwú náà, kó má baà gbé ọrùn baálẹ̀ wọ ọmọ ilé ìwé. Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Agolo bisikíìtì kan ni mo ń kó òwú àwọn oníbàárà mi sí.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi fi lé e. Bí olówùú bá kú, kí a tú àwọn kókó rẹ̀ kó tó pé ogójì ọjọ́, kí a sì fi òwú náà rán nǹkan mìíràn. Òwú òkú kì í bá ti alààyè gbé nínú agolo kan. Ẹni tí kò bá tú u, ó ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣẹ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Fegge, ní Onitsha, kí ogun abẹ́lé tó dé. Nígbà tí ìlú dàrú tí àwa ará ìwọ̀-oòrùn ń sọdá odò Ọya padà sílé, orí máṣíìnì mi àti agolo yẹn ni mo gbé. Mo gbàgbé ìkòkò irin ìyàwó mi. Òun kò tíì gbàgbé pé mo gbàgbé. Lẹ́yìn ogun, mo tún padà síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ìgboyà. Nílé, àwọn aránṣọ ti pọ̀ ju àwọn tó ń wọṣọ lọ; ní Onitsha, odindi ìlú ló ń wá aṣọ tí yóò fi bo ara.

Ìlú ń dìde nígbà náà. Ògiri tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀, páànù tuntun ti ń tàn yanran lórí rẹ̀. Símẹ́ńtì ń sọ̀ kalẹ̀ létí odò láràárọ̀. Nígbà tí owó epo sì bẹ̀rẹ̀ sí kan àwọn ènìyàn lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀ àti bàtà gogoro. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á rí mi tí mo fa òwú yọ, wọ́n á wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá pósí ni mo fẹ́ kàn fún òun. Aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa ní tépù lọ́rùn, ó ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí, ó sì ní pẹ́ńsù létí. Kò mọ aṣọ rán tó mi, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ilé ìwé àgbà lọ, kí èmi náà lè mọ bí a ṣe ń kọ ènìyàn sínú ìwé.

Ilé ìwé náà kò ní òrùlé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gbé bẹ́ńṣì tẹ̀lé òjìji ògiri bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹni tó bá jókòó síwájú ní aago mẹ́rin, tó bá fi máa di márùn-ún ààbọ̀, ó ti di ará ẹ̀yìn. A kò ju méjìlá lọ. Mẹkáníìkì kan wà láàárín wa, tó máa ń fi ọwọ́ dúdú ṣí ìwé funfun. Ìyá onírẹsì kan wà níbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà, tó ti pẹ́ ní Onitsha débi pé Igbo ló fi ń bú oníbàárà, Yorùbá ló fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà wa jẹ́ obìnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ méjì ló ní, a sì mọ ọjọ́ tí yóò wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò rí ìwúnjọ kan rí lára wọn, èmi tí mo ń fi irin gbígbóná jẹun. Nígbà ogun, abẹ́ igi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, èédú ló fi ń kọ̀wé sára pákó àpótí. Nítorí náà, kò sí ẹ̀là ṣọ́ọ̀kì kan tó kéré jù lójú rẹ̀. Yóò kọ ọ́ títí yóò fi dà bí hóró ìrẹsì, yóò sì ṣì máa kọ lẹ́tà gọ́rọ́gọ́rọ́ jáde lára rẹ̀. Kì í pariwo mọ́ wa. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kùjẹ́kùjẹ́, yóò dákẹ́, yóò kọjú sí pátákó, yóò máa wò ó bíi pé pátákó ló ṣẹ òun, títí ojú yóò fi tì wá. Gẹ̀ẹ́sì tó rọ̀ ló fi ń kọ́ wa, á fi èyí tí à ń fọ́ lọ́jà tì í lẹ́yìn. Yorùbá tí ẹ ó bá lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé àpò ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lé tábìlì, ojú mi kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Mo mọ aṣọ tí wọ́n fi rán àpò yẹn. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni, tó ní ìlà pupa tín-ín-rín bíi ti ojú ẹni tí kò sùn. Ènìyàn kan ṣoṣo ló mú irú rẹ̀ wá fún mi rí ní Onitsha, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn fáàrí, tó ní ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí òun láti òkè òkun. Mo rán kóòtù àti ṣòkòtò fún un kí ìlú tó dàrú. Mo sì dá ìyókù aṣọ rẹ̀ padà fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, nítorí pé ó dúró tì mí títí mo fi gé e tán.

Nígbà tí mo délé, mo da agolo mi sórí ẹní. Òwú rẹ̀ wà níbẹ̀, kókó méje, àgékù aṣọ eérú onílà pupa ní ìdí rẹ̀.

Ìyá onírẹsì ló là mí lọ́yẹ lọ́jọ́ kejì, bí ó ṣe ń bu ìrẹsì fún mi. Ó ní nígbà ogun, ọkọ tíṣà wá iyọ̀ lọ fún ilé, kò sì padà. Ẹnikẹ́ni kò rí òkú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé jóná, aṣọ, bàtà àti àwòrán rẹ̀ jóná mọ́ ọn. Abúlé ọkùnrin náà kò jìnnà sí Onitsha. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ó sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n sin ọmọ òun kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í sin afẹ́fẹ́. Ó kéré tán, kí nǹkan kan tó ti kan ara rẹ̀ wà tí àwọn yóò gbé sílẹ̀. Tíṣà mú àpò ṣọ́ọ̀kì yẹn, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé jóná, lọ bá wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ọkùnrin náà wọ aṣọ yẹn rí. Ó dáhùn pé rárá, ìyókù aṣọ ni. Wọ́n bá ní kó máa gbé e padà.

Ìyá onírẹsì mi orí. “Ká ní èmi ni, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ̀ ọ́, ó tún fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò lè purọ́. Ṣọ́ọ̀kì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”

Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ohun tó ti kan ara rẹ̀. Èmi sì ni mo ní òwú tó ti yí ọkùnrin náà lọ́rùn, tó ti gba àyà rẹ̀ kọjá, tó ti sọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀, kí n fi ìrẹsì sílẹ̀, kí n lọ gbé e fún un.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí akọni yín ṣe. Mo jẹ ìrẹsì náà tán, mo tún ní kó fi díẹ̀ sí i.

Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe kékeré. Nílé wa, ìyá mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi okùn wọn ọmọ tó wà láàyè. Ó ní ẹni tó bá di ìwọ̀n rẹ mú, ó ti di nǹkan kan mú lára rẹ. Mo wá ro ara mi wò. Àjèjì ọmọ Yorùbá, tó sá kúrò ní ìlú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tó di ìwọ̀n ọmọ onílé sínú agolo gbé lọ, pẹ̀lú kókó méje àti àgékù aṣọ rẹ̀, ọmọ onílé náà sì wá iyọ̀ lọ, kò dé. Bí wọ́n bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí síwájú mi, èmi gan-an á ní kí wọ́n mú aránṣọ yẹn. Ta ni yóò gbọ́ pé n kò mọ oògùn kankan ju ewé tí mo ń sè bí ibà bá mú mi?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé òwú náà ni. Ìyàwó mi ní abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ ni mo ń rà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó ti òwú náà, mo ní kí n tú u bí ọ̀gá mi ṣe wí, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo fi èékánná mú kókó ti ọrùn. N kò lè tú u. Ẹ má pe ìyẹn ní ìwà rere. Ẹ̀rù ló mú mi. Mo bá ká a, mo rán an mọ́ abẹ́ ìtẹ́nú fìlà mi, nítorí pé orí mi nìkan ni ibi tí ìyàwó mi kì í tún ṣe nínú ilé.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé òkú lórí wá sí kíláàsì nìyẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta kí a tó dé orí ọ̀rọ̀-orúkọ. Tíṣà ní oríṣi méjì ni wọ́n pín sí nínú Gẹ̀ẹ́sì: èyí tó ṣeé fojú rí tàbí tó ṣeé fọwọ́ bà, àti èyí tó jẹ́ pé òye nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí òyìnbó pe ti àkọ́kọ́ dún létí mi bíi kọnkéré, inú mi sì dùn, mo ní ní ìlú tí wọ́n ti ń da kọnkéré láràárọ̀ yìí, ẹ̀kọ́ tó wúlò dé. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ti bíríkìlà. Tíṣà lu tábìlì rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí òkúta jẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin. Ó ní ohun tó bá ṣeé gbé lé tábìlì yìí, apá òsì pátákó la ó kọ ọ́ sí; ohun tí kò bá ṣeé gbé lé e, apá ọ̀tún. Mẹkáníìkì bi í pé lọ́rì ńkọ́. Ó ní kó bá òun wá tábìlì tó tóbi.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ iṣẹ́ wọn, káfíńtà, awakọ̀, alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí òmùgọ̀ rò pé òun ló ronú kan nǹkan bí obìnrin yìí. Kì í sọ fún ọ pé o ṣì í. Á bá ọ rìn lọ síbi tí o forí lé, títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i pé ògiri ló wà níwájú. Ìyá onírẹsì ní kí wọ́n kọ ebi sí apá òsì, nítorí òun ń fojú rí i lójoojúmọ́, tó dúró níwájú ìkòkò òun tòun ti abọ́ lọ́wọ́. Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó ní tí ó bá bu ìrẹsì fún un, tó jẹ ẹ́ tán, kí ni yóò ṣì dúró níbẹ̀? Ìyá ronú. Ó ní, “Ọkùnrin náà ni, Ma, kò tíì sanwó.” A rẹ́rìn-ín títí, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ebi ti kọjá sí apá ọ̀tún, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lọ.

Ó wá kan èmi. Ó ti kọ gígùn sí apá ọ̀tún, mo sì dìde takò ó, nítorí ìyẹn wà nínú iṣẹ́ mi. Mo ní kò sí ohun tó ṣeé fọwọ́ bà tó gígùn. Mo fa òwú oníbàárà kan yọ lápò, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ní, “Gígùn apá ènìyàn rèé, Ma.”

Ó wo òwú náà, ó yẹ àwọn kókó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni. Ó wá ní, “Ó dáa, Ọ̀gá Télọ̀. Fi òwú sílẹ̀ fún mi níbí, kí o gbé gígùn lọ.”

Mo dúró. Mo wo òwú, mo wo ọwọ́ mi. Mo gbìyànjú, ẹ gbà mí gbọ́, mo gbìyànjú nínú ọkàn mi láti já gígùn kúrò lára òwú bí ẹní ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo jókòó. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rí i pé ọwọ́ mi ti lọ sí fìlà mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló fún wa ní iṣẹ́ tó tú àṣírí. Ó ní kí oníkálukú wá sí iwájú, kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí apá ọ̀tún, èyí tó wà nínú ilé tirẹ̀, kí ó sì sọ bó ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò ṣeé fọwọ́ bà. Mẹkáníìkì kọ ayọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú láti ìgbà ogun dáhùn lọ́wọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá onírẹsì kọ sùúrù, gbogbo kíláàsì sì ké hòò. Ó kàn mí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tó dà bí hóró ìrẹsì yẹn, mo kọ ohun tí òyìnbó ń pe ẹ̀rù, lẹ́tà mẹ́rin, n kò fo ọ̀kan.

Tíṣà ní mo kọ ọ́ dáadáa. Ó wá bi mí pé, “Níbo ló wà nílé rẹ, Ọ̀gá Télọ̀?”

Mo mọ ìdáhùn tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn kì í bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mìíràn.

“Ó wà nínú fìlà mi, Ma.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́ńṣì kan dojú dé. Mẹkáníìkì ní kí n ṣí i gbé lé tábìlì kí a lè dá a padà sí apá òsì. Ìyá onírẹsì ní òun ti ń fura sí fìlà yẹn tipẹ́, pé iná orí kò lè gbé nínú rẹ̀ kó má bẹ̀rù. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku ààbọ̀ wákàtí kí àsìkò tó pé, kí Ọ̀gá Télọ̀ dúró bá òun gbé bẹ́ńṣì wọlé.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, kò sọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì. Ó ní, “Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì tí o dé ilé ìwé yìí, tí mo bá ti ṣí àpò ṣọ́ọ̀kì mi, ìwọ a fọwọ́ kan fìlà rẹ. Kí ló wà níbẹ̀?”

Mo fi eyín tú ìránpọ̀ náà. Oòrùn ṣì wà lókè. Mo gbé òwú lé tábìlì, àgékù aṣọ ìdí rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpò ṣọ́ọ̀kì, eérú sí eérú, ìlà pupa sí ìlà pupa. Mo sọ ohun gbogbo fún un, láti orí kóòtù dé orí agolo. Kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Ó kan ara rẹ̀?”

“Ó yí i lọ́rùn ká, Ma. Ó gba àyà rẹ̀ kọjá.”

Ó jókòó. Oṣù mẹ́ta, n kò rí i kí ó jókòó rí. Ó ní kí n ka kókó náà fún òun, mo sì kà á: ọrùn rèé, èjìká rèé, apá rèé. Níbi apá, ó na ìka rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òwú náà. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ. Mo sọ òótọ́ fún un, pé ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ní èmi ni mo fi oògùn mú un.

Ó wò mí láti orí fìlà tó ya dé ẹsẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí mì í, kò lè dá a dúró, omijé sì ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. “Ìwọ? Ìwọ tí aáyán gun bẹ́ńṣì rẹ lọ́jọ́ kan, tí o fi bẹ́ńṣì sílẹ̀ fún un?” Ó nu ojú rẹ̀. “Ìwọ ni o máa bá mi lọ sọ ọ́ níwájú wọn.”

Ẹ̀rù tó kúrò nínú fìlà, ó bá mi délé.

Ní ọjọ́ Sátidé, a wọ mọ́tò lọ sí abúlé. Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ àtíbàbà páànù. Mo ti to Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ láti ilé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ oríṣi méjèèjì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ojú wọn, gbogbo rẹ̀ fò lọ, Igbo ọjà ló kù lẹ́nu mi. Mo fi ìyẹn sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Tíṣà mú òwú náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò bú mi. Ó kàn ní òwú pọ̀ lọ́jà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọwọ́ lè ta kókó méje, aṣọ tó wà ní ìdí rẹ̀ sì rèé, ó jáde wá láti inú àpò tí wọ́n ti gbé wá rí. Ó bi Tíṣà bóyá aránṣọ ọmọ Yorùbá ló fẹ́ fi bo àwọn lójú.

Tíṣà wò mí bó ṣe máa ń wò wá tó bá mọ̀ pé a mọ ìdáhùn.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní kí wọ́n wo kókó èjìká, kókó méjì ló wà níbẹ̀ tí mo ta lé ara wọn bí ọ̀kan. Mo ní n kì í ta méjì àfi tí èjìká ènìyàn kò bá dọ́gba. Ọkùnrin yìí, èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ, mo sì fi aṣọ lé e lábẹ́ kí kóòtù rẹ̀ lè dúró dáadáa. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohùn arúgbó kan ló ti inú yàrá jáde, ìyá ọkùnrin náà, tí a kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa.

“Èjìká wo?”

“Òsì, Nne,” ni mo wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n dì í mú jáde. Ó ní kí wọ́n gbé òwú náà lé òun lọ́wọ́. Ó fi ìka wá kókó méjì náà, ó dúró lórí rẹ̀. Ó ní orí igi àgbálùmọ̀ ló ti já bọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, pé òun ni òun fi omi gbígbóná jó o, kò sì padà sípò mọ́. Ó tún wá a lọ sókè títí ó fi dé ọrùn, ó so orí òwú mọ́ kókó àkọ́kọ́, ó di òrùka. Ó gbé òrùka náà sókè síwájú rẹ̀, níbi tí ọrùn ọkùnrin gíga yóò wà tó bá bẹ̀rẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ẹ gbẹ́ ilẹ̀,” ló wí fún ọmọ rẹ̀ àgbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ìsìnkú sí. Tíṣà ní kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n òwú náà, kí kọ́là rẹ̀ fẹ̀ bíi ti àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn, pé ọkọ òun kò ní fẹ́ wọ ohun tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. N kò rán ṣẹ́ẹ̀tì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ kankan kò sì ṣẹ́. Káfíńtà abúlé wá bi mí ní gígùn. Mo na òwú náà sórí pákó rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sínú pósí, wọ́n wá gbé òwú lé àyà rẹ̀. Ìyá náà kò jẹ́ kí wọ́n tú kókó kankan. Ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn yóò dárí jì mí. Ìyá náà lo oṣù mélòó kan sí i, ó sì sùn.

Tíṣà padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìnkú nínú aṣọ dúdú, ó sì dá iṣẹ́ ìwé mi padà fún mi. Ó fi àmì pupa sí ibi mẹ́rin.

Nígbà tí ọdún yípo tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Fegge pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ tuntun, aṣọ pupa rúsúrúsú. Nígbà yẹn, tépù ti wà lọ́rùn mi, ìwé wà lórí tábìlì mi, pẹ́ńsù sì wà létí mi. Àwọn oníbàtà gogoro ti ń tò sí ẹnu ọ̀nà tèmi náà. Mo fa tépù yọ.

Ó ní, “Fi ìyẹn sílẹ̀. Òwú ni kí o fi wọ̀n mí.”

Mo já òwú. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó ń ṣí ojú ewé ìwé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní mo ṣi èjìká kọ níbi márùn-ún. Mo ta kókó keje. Mo wá nawọ́ sí ọ̀pá aṣọ tuntun náà kí n gé díẹ̀ lára rẹ̀ so mọ́ ìdí òwú, ṣùgbọ́n ó ti gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Ó ṣí àpò ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó da ìyókù ṣọ́ọ̀kì inú rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó gé fẹ́ẹ́rẹ́ kúrò ní ẹnu rẹ̀, aṣọ eérú onílà pupa, ó sì nà án sí mi.

Mo so ó mọ́ ìdí òwú rẹ̀. Òwú náà ṣì wà nínú agolo bisikíìtì yẹn, láàárín ti àwọn alààyè.